Agent mi ń gbé irinṣẹ́ tí kò yẹ: ṣé módẹ́ẹ̀lì ló fà á ni?

Ọmọ_Alárọ
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ń ṣe agent kan (ètò kọ̀ǹpútà tí módẹ́ẹ̀lì AI ń darí) fún ìyá kan tó ń ta àdìrẹ àti aṣọ òkè n'Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Orí WhatsApp ló ti ń dá oníbàárà lóhùn. Irinṣẹ́ tí mo fún un, ìyẹn àwọn iṣẹ́ inú kóòdù tó lè pè: `get_data` ("Gets data"), `search` ("Search for items"), `check_order` àti `charge` ("Charges the customer").

Bí ẹnì kan bá bi í pé, "Ẹ ṣì ní adire?", nígbà míì á pe `search`, nígbà míì á pe `get_data`, bẹ́ẹ̀ àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà ló wà nínú ìyẹn. Nígbà tó bá sì pe `search` náà, á ní ọjà ti tán, nígbà tí aṣọ kún ṣọ́ọ̀bù fọ́fọ́. Mo ti pààrọ̀ módẹ́ẹ̀lì sí èyí tó wọ́n jù ú lọ, ibi tó wà náà ló wà. Ṣé kí n kó òfin sí i sínú system prompt (ìlànà tí módẹ́ẹ̀lì ń kà kó tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn) ni?

Ìyá_Dátábéèsì
Àbúrò, fi módẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, kò ṣẹ̀ ọ́. Kò rí kóòdù rẹ rárá. Orúkọ irinṣẹ́, àpèjúwe rẹ̀ àti àwọn páràmítà (ohun tí irinṣẹ́ nílò kó tó ṣiṣẹ́) tí o kọ sínú JSON Schema, ohun tó ń rí nípa irinṣẹ́ ò ju ìyẹn lọ. "Gets data": dátà wo? Bí mo bá gba ọmọ iṣẹ́ tuntun lónìí, tí mo ní kó "lọ mú nǹkan wá", ta ni kí n bá wí bó bá gbé agboòrùn?

Má fi kún system prompt. Ohun tó bá jẹ mọ́ irinṣẹ́ kan, ara irinṣẹ́ náà ni kí o kọ ọ́ sí. Sọ `get_data` di `get_customer_record`, kí `search` di `search_stock`. Bí èmi ṣe máa kọ èyí kejì rèé:

"Fi wá aṣọ tó wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí oníbàárà bá bèèrè irú aṣọ, àwọ̀ tàbí iye owó. Má lò ó fún aṣọ tí ẹnì kan ti sanwó rẹ̀. Irinṣẹ́ `check_order` ló ni ìyẹn. `query`: orúkọ aṣọ láìsí àmì ohùn, bíi adire, aso oke. Ó ń dá orúkọ aṣọ, iye yáàdì tó kù àti owó yáàdì kan padà. Bí àtòkọ bá ṣófo, kò túmọ̀ sí pé ọjà ti tán. Fi orúkọ mìíràn wá a kí o tó dáhùn."

Wo ọ̀rọ̀ àmì ohùn yẹn dáadáa. Mo fura pé oníbàárà kọ "adire", agent rẹ mọ̀wé jù, ó fi àmì sí i, dátábéèsì ò sì mọ ẹni tó ń pè.

`charge` ló ń bà mí lẹ́rù jù. `amount` náírà ni àbí kọ́bọ̀? Kọ́bọ̀ ni Paystack, iléeṣẹ́ tó ń báni gba owó lórí ayélujára, ń gbà. Bí agent bá fi 15000 ránṣẹ́ fún aṣọ ₦15,000, ₦150 péré ló máa wọlé. Bí agent bá wá sọ ọ́ di kọ́bọ̀, tí kóòdù rẹ tún sọ ọ́ di kọ́bọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ₦1,500,000 lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Pè é ní `amount_kobo`, kí o kọ àpẹẹrẹ sí i: ₦15,000 jẹ́ 1500000.

Ọmọ_Alárọ
Ẹ ṣé gan-an mà. Mo wo log (àkọsílẹ̀ ohun tí agent ṣe): "àdìrẹ" tó lámì lórí ló ń fi ránṣẹ́ lóòótọ́! Ṣé Yorùbá ni kí n fi kọ àpèjúwe náà, àbí Gẹ̀ẹ́sì?

Atúnkóòdùṣe
Gẹ̀ẹ́sì lèmi ń lò. Òun ni àwọn módẹ́ẹ̀lì kà jù, àmì ohùn wa sì máa ń jẹ token (èérún ọ̀rọ̀ tí módẹ́ẹ̀lì ń kà). Àpẹẹrẹ ohun tí oníbàárà máa ń sọ nìkan ni mo ń fi sílẹ̀ ní Yorùbá. Tún wo èsì àṣìṣe rẹ. "Error 400" kò kọ́ agent ní nǹkan kan. Jẹ́ kó ka: "Nọ́ńbà yìí kò pé, ní kí oníbàárà wò ó lórí rìsíìtì."

Ìyá_Dátábéèsì
Èmi ò rò pé èdè ló ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n dán méjèèjì wò. Kó ìbéèrè bí ogún láti inú WhatsApp ìyá yẹn, pẹ̀lú àṣìkọ wọn, kí o wo irinṣẹ́ tó ń gbé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ti `charge`, má gbára lé àpèjúwe nìkan: inú kóòdù ni kí o ti dènà rẹ̀, kó má lè gba owó títí oníbàárà fi tẹ bọ́tìnì pé òun gbà.