Ọmọ tẹ́kíníkà lọ ṣe IT (ìkọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́) lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kan iṣẹ́

TísàMọ́tò (Ìbàdàn):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Tẹ́kíníkà kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba kan ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ mọ́tò. Bí ìsinmi gígùn bá dé, a máa ń pín wọn sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kí wọ́n lè fojú rí iṣẹ́ gidi, torí ìdánwò NABTEB tí wọ́n máa fi jáde kì í ṣe ti ìwé nìkan, ti ọwọ́ náà wà níbẹ̀. Ká má sì parọ́, ẹ́ńjìnnì Peugeot 504 àtijọ́, oníkábúrétọ̀, la ní nílé ìwé. Corolla tí wọ́n ń fi skánà yẹ̀ wò, ìta ni wọ́n ti máa rí i.

Mo lọ wò wọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ní ṣọ́ọ̀bù kan, mo bá ọ̀kan tó ń fọ mọ́tò kọ́sítọ́mà, wọ́n ti rán èkejì lọ ra ìrẹsì, ẹ̀kẹta jókòó sórí táyà, ó ń tẹ fóònù. Mo ní kí wọ́n kó logbook wọn wá, ìwé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí. Háà! "A sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀." "A tú gíá." Ọ̀gá ti fi báírò kan náà buwọ́ lu gbogbo ojú ewé, títí kan ti ọ̀sẹ̀ tí kò tíì dé.

Mo pe ọ̀gá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò tiẹ̀ bínú. Ó ní, "Tísà, ọmọ tí bàbá rẹ̀ mú wá, ọdún mẹ́ta la tọwọ́ bọ̀wé sí, ó sanwó ẹ̀kọ́ṣẹ́, ó sì máa ṣe fríídọ̀m. Tiyín ńkọ́? Kó tó mọ ibi tí sípánà 12 wà, ẹ ti wá mú un lọ." Mi ò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?

AdéÌkẹjà:
Ẹ kó wọn kúrò níbẹ̀ jàre. Ẹ mú wọn lọ sí kọ́ńpìnnì ńlá.

TísàMọ́tò:
Ẹnu dùn ún ròfọ́. SIWES, ètò ìkọ́ṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ ní 1973, ni kọ́ńpìnnì mọ̀, ọmọ pólì àti yunifásítì ni wọ́n sì ń retí. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ ọdún 16 ni, wọ́n á ní kó má lọ ṣèṣe sí àwọn lọ́rùn.

BàbáṢọ́ọ̀bù (Abẹ́òkúta):
Òótọ́ lọ̀gá yẹn sọ. Ṣọ́ọ̀bù lèmi náà ní. Tí mo bá gbé iṣẹ́ gásíkẹ̀ẹ̀tì fún ọmọ tó dé lánàá, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á kùn, kọ́sítọ́mà á sì gbé mọ́tò rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n tísà, ẹ̀yin náà, kí lẹ sọ fún un? "Ẹ bá wa kọ́ wọn níṣẹ́ mọ́tò"? Ó ti fẹ̀ jù! Ẹ ní kó kọ́ wọn ní bíréèkì: kí wọ́n pààrọ̀ pádì, kí wọ́n yọ afẹ́fẹ́ inú ọ̀pá ọ́ìlì. Ìyẹn nìkan. Bíréèkì ò wọ́n lójoojúmọ́. Kẹ́ ẹ sì fún wọn ní ofaróòlù. Ta ló máa ní kí ọmọ oníṣẹ́ẹ̀tì funfun wọ abẹ́ ọkọ̀?

Ìyáàfin_Ríwáyà:
Ẹ kú iṣẹ́ sà. Tẹ́kíníkà lèmi náà lọ, iṣẹ́ iná mọ́tò ni mo ṣe. Ọ̀gá ò kọ́ mi ní nǹkan kan o, ọmọ iṣẹ́ àgbà ló kọ́ mi. Ó fẹ́ lọ ṣe trade test, ìdánwò ìjọba fún oníṣẹ́ ọwọ́, àmọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán wáyà inú ìwé. Èmi mọ̀ ọ́n dáadáa, torí tísà wa ti lù ú sí wa lórí. Tí iṣẹ́ bá dáwọ́ dúró lọ́sàn-án, mo máa ń fi ìlà pupa àti dúdú hàn án, òun náà á gbé mítà fún mi, á ní kí n wá ibi tí iná ti já. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, sà. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó ń dà wọ́n láàmú.

TísàMọ́tò:
Èyí wọ̀ mí létí gan-an. Màá kọ ti bíréèkì sínú bébà kí n tó padà lọ, màá sì wá ọmọ iṣẹ́ àgbà lọ́tọ̀. BàbáṢọ́ọ̀bù, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ń yọ afẹ́fẹ́, táyà wo lẹ ń kọ́kọ́ mú?

BàbáṢọ́ọ̀bù (Abẹ́òkúta):
Èyí tó jìnnà jù sí másítà, ìyẹn ibi tí ọ́ìlì bíréèkì ti ń jáde lọ sí táyà: ẹ̀yìn, lọ́wọ́ ọ̀tún, fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tiwa níbí. Tó bá ní ABS, bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há, kí wọ́n kọ́kọ́ wo ìwé ọkọ̀ náà. Kí wọ́n má sì jẹ́ kí ọ́ìlì inú agolo tán o, afẹ́fẹ́ á tún wọlé.