Àyà ọkọ mi ò dára mọ́, mo sì fura sí irin tó ń gé níbi iṣẹ́: ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Mofẹ́, Houston:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì rí ẹni tí mo lè bá sọ ọ́ tí kò ní di ọ̀rọ̀ gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan níbí, wọ́n ń fi mashíìnì gé irin fún àwọn tó ń gbẹ́ kànga epo. Láti ìgbà òtútù tó kọjá ni ikọ́ kan ti mú un, ikọ́ gbígbẹ, kò ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Tó bá ń gun àtẹ̀gùn ilé wa, á dúró mí kó tó dé òkè. Ó ti rù, òógùn sì máa ń bò ó lóru. Dókítà ya ẹ́síréè, ó ya síkáànì, ó ní sarcoidosis ni, àrùn kan tó ń mú kí kókó wẹ́wẹ́ yọ nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì kọ prednisone fún un, oògùn tó ń rọ ìgbóguntì ara sílẹ̀. Nípa iṣẹ́ tó ń ṣe, "machinist" tó kọ sínú fọ́ọ̀mù nìkan ni dókítà mọ̀.

Ní Sátidé, mo ń fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, mo bá bébà kan nínú àpò rẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ ọ̀pá irin. Wọ́n kọ C17200 sí i. Mo bi í, ó ní bàbà ni, bàbà líle kan. Ìgbà tí mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo rí i pé irin fífúyẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní beryllium wà nínú rẹ̀, pé eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àyà mi já. Ó ní kí n má da ara mi láàmú, pé ó pẹ́ táwọn ti ń gé e, ọ̀gá àwọn ò sì sọ pé ewu wà níbẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé irin yìí lè fa ohun tó ń ṣe é? Ṣé kó lo oògùn yẹn? Ṣé kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni? Owó ilé wà lọ́rùn wa, àwa la sì ń gbọ́ bùkátà ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn. Èmi ni mo sì ń fọ aṣọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àwọn ọmọ.

Bàbá Délé, Dallas:

Ẹ fara balẹ̀, ìyàwó wa. Dókítà ti sọ ohun tó ń ṣe é, ẹ jẹ́ kó lo oògùn rẹ̀, ká sì máa gbàdúrà. Tó bá lọ ń bi ọ̀gá rẹ̀ ní ìbéèrè, wọ́n á wá ọ̀nà lé e dànù. Iṣẹ́ gidi ò wọ́pọ̀ lásìkò yìí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Denver:

Ẹ má bínú, Bàbá Délé. Mo ṣe àmín sí àdúrà, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ìyókù. Ìyá Mofẹ́, ẹ ka èyí dé òpin, kí ọkọ yín náà kà á.

Beryllium lè fa gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn. Tí eruku rẹ̀ bá wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ara àwọn kan kì í gbà á. Àwọn ọmọ ogun ara á ṣù bò ó, ibẹ̀ á di kókó wẹ́wẹ́, kókó yìí ló ń mú kí ẹ̀dọ̀fóró le, tí kò fi ní lè fẹ̀ dáadáa mọ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá fa á símú ló ń ṣe. Ẹnì kan á bá a ṣiṣẹ́ títí á fi fẹ̀yìntì, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Akọ̀wé tó jókòó sí ọ́fíìsì ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, tí kò fọwọ́ kan mashíìnì rí, á wá kó o. Ó lè yọjú láàárín oṣù díẹ̀, ó sì lè tó ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn tí èèyàn ti kúrò nídìí iṣẹ́ náà. Nítorí náà, pé wọ́n ti ń gé e tipẹ́ kò fi hàn pé kò léwu.

Ibi tó ti le jù nìyí. Àrùn yìí àti sarcoidosis jọra débi pé ẹ́síréè ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Kódà tí wọ́n bá gé díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀fóró lọ yẹ̀ wò, kókó kan náà ni wọ́n á rí. Sarcoidosis sì pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, torí náà orúkọ yẹn ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí dókítà lẹ́nu. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní BeLPT. Wọ́n á da ẹ̀jẹ̀ àti beryllium pọ̀ ní láàbù, wọ́n á wò ó bóyá sẹ́ẹ̀lì ara ti dá a mọ̀ tẹ́lẹ̀, tó ń gbógun tì í. Ẹ̀ẹ̀kan kì í tó, wọ́n máa ń tún un ṣe kó tó dá wọn lójú. Láàbù tó ń ṣe é ò pọ̀. National Jewish Health tó wà níbí ní Denver wà lára wọn, ẹ̀jẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ tètè dé láàbù torí pé sẹ́ẹ̀lì ààyè ni wọ́n ń lò. Dókítà tí kò bá gbọ́ "beryllium" lẹ́nu yín ò ní rántí àyẹ̀wò yìí láé. Ẹ mú bébà C17200 yẹn dání lọ bá a.

Ní ti prednisone, irú rẹ̀ náà ni wọ́n fi ń tọ́jú àrùn beryllium, àmọ́ ó lè bo èsì BeLPT mọ́lẹ̀. Tí kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ẹ pe dókítà lónìí, kí ẹ bi í bóyá kí wọ́n kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀ o, ewu wà nínú ìyẹn náà. Oògùn náà kì í wo àrùn yìí tán, ńṣe ló ń tẹ̀ ẹ́ rì. Èyí tó ju oògùn lọ ni kó má fa eruku náà símú mọ́. Láti 1993 sì ni IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti ka beryllium mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ.

Ìyá Mofẹ́, Houston:

Ẹ ṣeun gan-an, àǹtí mi. Kò tíì lò ó, ọ̀la ló fẹ́ lọ gbà á ní fámásì. Mo ti ń pe ọ́fíìsì dókítà báyìí. Aṣọ ńkọ́? Ẹ̀rù àwọn ọmọ ló ń bà mí.

Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rọ, Ohio:

Ìyá Mofẹ́, mo ti gé bàbà yìí rí, mo mọ ohun tí ẹ ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká ti orí aṣọ bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin ló yẹ kó máa fọ̀ ọ́. Òfin OSHA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́, ní kí aṣọ tí beryllium bá ti ta sí má wọlé òṣìṣẹ́ rárá, ilé iṣẹ́ ni kó fọ̀ ọ́, kó sì kìlọ̀ fún ẹni tó ń bá wọn fọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn. Ní Lorain, níbí ní Ohio, ní àwọn ọdún 1940, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ò kan ilé iṣẹ́ beryllium tó wà níbẹ̀ rí kó àrùn náà. Eruku tó ń fẹ́ jáde ló mú àwọn kan, aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé wálé fọ̀ ló mú ẹlòmíì. Láyé ìgbà náà, inú gílóòbù fluorescent pàápàá ni beryllium wà. Ní 1946, Dókítà Harriet Hardy sọ fún ayé nípa àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe gílóòbù yìí ní Massachusetts, tí èémí wọn ń ká, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin. Ní 1949 ni wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú gílóòbù.

Títí ilé iṣẹ́ á fi ṣe ohun tó yẹ, kó pààrọ̀ aṣọ àti bàtà níbẹ̀, kó wẹ̀, kó tó wọ mọ́tò. Kó di aṣọ náà sínú ọ̀rá, kó fi sílẹ̀ síbẹ̀. Èyí tó wà nílé báyìí, ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ má sì fi gbálẹ̀ gbígbẹ gbá ibi tó wà. Aṣọ rírin ni kí ẹ fi nu ibẹ̀ àti ìjókòó mọ́tò.

Ó ku iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀pá bàbà náà kì í pa ẹni tó bá gbé e dání. Eruku ni ìṣòro, pàápàá tí wọ́n bá ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n ń fi sáńpépà họ ọ́, tàbí tí wọ́n ń jó o pọ̀. Ẹ bi ọkọ yín ní ohun kan: tó bá gé e tán, kí ló fi ń kó pàǹtí irin kúrò lórí tábìlì mashíìnì? Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ni, ibẹ̀ ni ewu ti ń wá. Ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí mo mọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: pìì, eruku á fẹ́ sókè, á sì bọ́ sí imú ẹni tó dì í mú. Fákúùmù tó ní àsẹ́ HEPA, èyí tó ń mú eruku tó kúnná gan-an, ló yẹ kí wọ́n fi fà á, tàbí kí wọ́n fi omi nù ún.

Wọ́n lè sọ fún un pé beryllium inú rẹ̀ ò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tí òfin gbà láàyè nínú afẹ́fẹ́ kéré gan-an: máíkírógíráàmù 0.2 nínú afẹ́fẹ́ tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan, fún wákàtí mẹ́jọ. 2 ni tẹ́lẹ̀, 1949 ni wọ́n ti mú un wá, lásìkò tí wọ́n ń ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì. Ó di 2017 kí OSHA tó gé e sí ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Inú bí mi sí bó ṣe pẹ́ tó, torí àwọn èèyàn ń kú lágbedeméjì.

Ẹ̀tọ́ ọkọ yín ni kó béèrè ìwé SDS irin náà, èyí tó ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ewu rẹ̀, àti èsì afẹ́fẹ́ tí wọ́n wọ̀n. Níwọ̀n bí ara rẹ̀ ti ń fi àmì hàn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ tún ni àyẹ̀wò dókítà, tí BeLPT wà lára rẹ̀, ilé iṣẹ́ ni yóò sì sanwó. Dókítà ò gbọ́dọ̀ sọ àìsàn rẹ̀ fún ọ̀gá láìjẹ́ pé ọkọ yín fọwọ́ sí i. Bí àrùn náà bá fojú hàn, tí dókítà ní kó kúrò nídìí eruku náà, wọ́n ní láti gbé e sí ibòmíì. Tí kò bá sí ibòmíì, owó rẹ̀ á ṣì máa wọlé fún oṣù mẹ́fà. Nítorí náà, kó má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ o.

Bàbá Délé, Dallas:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yín yé mi. Ṣé ìbòmú ìgbà Kòrónà yẹn ò lè gbà á sílẹ̀ ná? Tí wọ́n bá sì lé e ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rọ, Ohio:

Ìbòmú aláṣọ ò lè ṣe é, bàbá wa. Rẹ́spírétọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ojú pinpin, tó ní àsẹ́ P100, yẹn dáa, àmọ́ ilé iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa eruku náà kúrò lẹ́nu mashíìnì. Ní ti lílé, ó lè fi ẹjọ́ ibẹ̀ sun OSHA, wọn ò sì ní dárúkọ rẹ̀ fún ọ̀gá. Tí wọ́n bá fìyà jẹ ẹ́ torí rẹ̀, kó tètè sọ fún OSHA kó tó pé ọgbọ̀n ọjọ́.

Ọmọ Òkè-Ògùn, Ìbàdàn:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Òkúta iyebíye ni bàbá mi ń tà, aquamarine wà lára rẹ̀, mo sì gbọ́ pé inú irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń rí beryllium. Ṣé àwa náà wà nínú ewu?

Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́rọ, Ohio:

Òótọ́ ni, beryl ni aquamarine, beryllium sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń tà á, tó ń gbé e dání, ò ní ìṣòro. Ẹni tó ń gé e tó sì ń lọ̀ ọ́ ni kó ṣọ́ra, kó máa fi omi gé e. Eruku òkúta quartz tó máa ń bá a rìn gan-an ni mo bẹ̀rù jù fún àwọn tó ń gé òkúta àtàwọn awakùsà wa, torí òun náà ń pa ẹ̀dọ̀fóró.

Lọ́yà Àdùkẹ́, Houston:

Ìyá Mofẹ́, ẹ jẹ́ kí n fi ti Texas kún un, torí ó yàtọ̀. Níbí, ilé iṣẹ́ àdáni lè sọ pé òun ò ra ìbánigbófò òṣìṣẹ́, èyí tó ń sanwó fún ẹni tí iṣẹ́ bá pa lára. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ti ọkọ yín ní in. Tí wọ́n bá ní in, ọgbọ̀n ọjọ́ ló ní láti fi sọ fún ọ̀gá rẹ̀, láti ọjọ́ tó ti mọ̀ pé àìsàn náà lè jẹ́ láti ibi iṣẹ́. Àṣìṣe ni láti dúró de èsì àyẹ̀wò kó tó sọ ọ́. Ó sì ní ọdún kan láti fi gbé ẹ̀bẹ̀ owó lọ síwájú ìjọba. Tí wọn ò bá ní in, ọ̀nà míì ni ẹ máa gbà, kí ẹ wá lọ́yà tó ń ṣe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Mofẹ́, Houston:

Dókítà ti pè mí padà. Ó ní kó má tíì lo oògùn náà, kó wá fún ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ Tuesday, òun á sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá dókítà ẹ̀dọ̀fóró. Ọkọ mi ti ka gbogbo èyí. Ó ní afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ni gbogbo wọn ń lò. Ó ti gbà láti kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀, àmọ́ kò mọ bí yóò ṣe kọ ọ́ tí kò fi ní dà bí ìjà.

Lọ́yà Àdùkẹ́, Houston:

Kó má gùn ún. Kó kọ déètì sí òkè. Kó ní òun ń ṣàìsàn ẹ̀dọ̀fóró, òun sì rò pé ó lè jẹ́ láti ara beryllium inú C17200 tí òun ń gé. Kó wá tọrọ ohun mẹ́ta: ìwé SDS, èsì afẹ́fẹ́, àti àyẹ̀wò dókítà lábẹ́ òfin beryllium ti OSHA. Kó fi í ránṣẹ́ ní ímeèlì, kó sì tẹ ẹ̀dà kan sílé. Ẹ fi bébà inú àpò yẹn pọ̀ mọ́ ọn.