Ìbéèrè mi lórí swap: ibi tí mo bá a dé

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn. Mo béèrè pé báwo ni kí swap (àyè orí dísìkì tí Linux máa ń lò bí àfikún RAM) ṣe tóbi tó lórí kọ̀ǹpútà Linux tí RAM rẹ̀ (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́) jẹ́ 16 GB.

Mi ò tẹ̀ lé òfin àtijọ́ tó ní kí swap jẹ́ ìlọ́po méjì RAM. Ayé ìgbà tí RAM kéré gan-an ló bá a mu. Hibernate, ìyẹn pípa kọ̀ǹpútà láìpàdánù iṣẹ́ tó ṣí sílẹ̀, ló pinnu tèmi. Kí kọ̀ǹpútà tó pa ara rẹ̀, inú swap ló máa ń kó ohun tó wà nínú RAM sí. Bí àyè ò bá gbà á, hibernate ò ní ṣiṣẹ́. Mo wá ṣe swapfile (fáìlì tó ń ṣiṣẹ́ swap) 16 GB, mo fi chmod 600 dáàbò bò ó kí ẹni tó ni ín nìkan lè kà á, mo lo mkswap láti sọ ọ́ di swap àti swapon láti tàn án, mo sì kọ ọ́ sínú /etc/fstab kí ó lè máa tàn fúnra rẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá bẹ̀rẹ̀. Lórí tèmi, àfi ìgbà tí mo fi resume_offset kún àṣẹ tí kernel (ọkàn Linux) fi ń bẹ̀rẹ̀ ni kernel tó rí ibi tí fáìlì náà ti bẹ̀rẹ̀ lórí dísìkì.

Ẹni tí kì í lo hibernate, 4 GB tó o lójú tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wo si (ohun tó ń wọlé láti inú swap) àti so (ohun tó ń jáde lọ sínú swap) nínú vmstat 1, àṣẹ tó ń fi wọ́n hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn méjèèjì ò bá sinmi, RAM ni ẹ nílò.

Mo ti rí ìdáhùn mi, mo pa ìbéèrè yìí dé.