Ó ní kí n gbẹnu sọ fún òun, mo ní ká gbàdúrà

Ẹ̀yin ará, ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Èmi ni mo ń tọ́jú ìwé owó níbi iṣẹ́ tí mo wà nígbà náà. Ìyá opó kan wà lára àwọn tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Odidi oṣù mẹ́ta ni ọ̀gá ò sanwó fún wọn, bẹ́ẹ̀ ìwé ọwọ́ mi ń sọ pé wọ́n ti gbà á. Mo rí i. Mo pa ìwé dé.

Ìyá yìí wọlé tọ̀ mí wá lọ́jọ́ kan. Ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọlẹ̀ ti bó wọn lọ́wọ́, àtàǹpàkò wọn pọ́n bí ojú egbò. Wọ́n ní, "Ẹ dákun, ẹ bá mi bá ọ̀gá sọ ọ́." Mo di ọwọ́ náà mú, mo ní ká gbàdúrà. Mo gbà á dáadáa, mo tiẹ̀ ka Sáàmù sí i. Wọ́n ṣe àmín. Wọ́n wá gbójú sókè: "Ṣé ẹ máa wá bá mi sọ ọ́?" Kẹ́kẹ́ pa mọ́ mi lẹ́nu.

Mi ò sọ pé àdúrà ò dára o. Ẹ̀rù ló ń bà mí, mo wá fi àdúrà bò ó mọ́lẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ka Léfítíkù 19:13, níbi tí Ọlọ́run ti ní owó alágbàṣe kò gbọdọ̀ sùn lọ́wọ́ ẹni mọ́jú. Òru kan péré! Ti ìyá yìí ti sun bí 90. Jákọ́bù 5:4 tún ní owó tí wọ́n dù wọ́n náà ń ké, igbe ọ̀hún sì ti dé etí Olúwa. Olúwa ti gbọ́. Èmi tí ìwé wà lọ́wọ́ mi ni mo di etí.

Èmi àti àwọn méjì mìíràn gbé ìwé náà tọ ọ̀gá lọ. Ó san oṣù méjì. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, kò san ìkẹta, ó sì gba ìwé owó lọ́wọ́ mi. Mo sunkún gan-an. Ṣùgbọ́n mo ti lè wo ojú ìyá yẹn.

Èsì: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ní tèmi, èmi gan-an ni ọ̀gá. Mo gé owó ọmọkùnrin kan tó ń bá mi ṣiṣẹ́ nítorí nǹkan tí kì í ṣe òun ló bà á jẹ́. Igi tí Sákéù agbowó-òde gùn la máa ń sọ ṣáá, a kì í dúró lórí Lúùkù 19:8, níbi tó ti ní òun á dá ohun tí òun bá fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Mo wá ọmọ náà lọ. Ó ka owó náà lójú mi lẹ́ẹ̀mejì. Kò rẹ́rìn-ín, kò ní òun dárí jì mí. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Èsì: Wọ́n tì mí mọ́lé fún ọjọ́ 2 lórí ẹ̀sùn tí n ò mọwọ́mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí mo jáde, pásítọ̀ ní kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo ti dárí jì wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo Pọ́ọ̀lù nínú Ìṣe 16:37: àwọn aláṣẹ fẹ́ yọ́ ọ tú sílẹ̀, ó ní gbangba ni wọ́n ti na òun àti Sílà láìdá àwọn lẹ́jọ́, kí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn wá mú àwọn jáde. Mo kọ̀wé ẹ̀sùn. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo kọ ọ́ rèé.