Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọmọ àlejò mi ní kí n yọ ètò bàbá òun kúrò

Ọmọ Tákíé:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn. Oorun ò kun ojú mi lánàá.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, lápá Tákíé. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń ṣe podcast kan, ìyẹn ètò tí èèyàn ń gbọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí mo fi ń fọ̀rọ̀ wá oríṣiríṣi èèyàn lẹ́nu wò. Mo ti bá alápatà sọ̀rọ̀, mo ti bá nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì sọ̀rọ̀, onígàárì, agbẹ́kànga, akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH kan tó ń fi ọ̀kadà ṣiṣẹ́ lálẹ́. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Owó ara mi ni mo fi ra máíkì, ₦18,000, ẹni tó tà á fún mi sì fi Ọlọ́run búra pé kì í gbé ariwo jẹnẹrétọ̀. Irọ́ gbáà ni. Inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ìyá mi ni mo ti ń ṣe é níbẹ̀rẹ̀, èmi àti àlejò á há sáàárín ìró àti bùbá, òógùn á máa ṣàn. Ìyá mi ní kí n lọ wá iṣẹ́ ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ní òfófó ni mò ń ṣe. Ẹni tí kò rà mí ní káàdì rí!

Lóṣù tó kọjá, mo wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́, mo lọ bá bàbá kan tó ń fín igbá. Ẹ mọ ọ̀nà yẹn, ẹ sì mọ ìwà àwọn tírélà tó wà níbẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta kí n tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá yìí dùn-ún bá sọ̀rọ̀! Wọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń rẹ igbá sómi kí inú ẹ̀ lè rà, bí wọ́n ṣe ń ha á kí wọ́n tó sá a sóòrùn. Mo gbé máíkì sún mọ́ ọ̀bẹ wọn. Ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń dún lára èèpo igbá, kirí, kirí, bí eku tó ń họ àgbàdo lóru. Nígbà tí a parí, wọ́n tún ní kí wọ́n rokà fún mi.

Mo gbé e jáde. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, èèyàn 4,000 ti gbọ́ ọ. Èyí tó pọ̀ jù tẹ́lẹ̀, 212 ni. Inú mi ń dùn jẹ́jẹ́ mi ni ọmọ bàbá yìí pè mí láti Èkó, ó bú mi bí ẹni bú olè, ó ní tí mi ò bá yọ ọ́ kó tó di Jímọ̀, òun á fi ọlọ́pàá gbé mi. Ẹni tí mi ò rí rí! Bàbá ló jókòó tì mí, kì í ṣe òun. Ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀? Kí ni kí n ṣe?

Àkànkẹ́ Aláṣọ:
Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò. Má dá a lóhùn. Àwọn ọmọ tí kì í wálé wo bàbá wọn, tí wọ́n bá gbọ́ pé bàbá ti ń lókìkí, ojú wọn á là.

Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ:
₦18,000? Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Ṣùgbọ́n máíkì nìkan kọ́ ni. Há a mọ́ àyà àlejò, kó má jìnnà sẹ́nu ẹ̀, kí ẹ̀yìn máíkì kọjú sí jẹnẹrétọ̀. Fi fóònù sí airplane mode kí ìpè má bàa já ọ. Tí o bá ń tọ́jú fáìlì, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ò sì nílò 128 kbps, fi sí 64 kbps, mono. Ètò wákàtí kan á di bíi 29MB dípò 58. Àwọn tó ń gbọ́ ọ máa ṣàdúrà fún ọ, dátà ti wọ́n.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ máíkì, ṣé ìyẹn ló bi yín? Ọmọ mi, kí ni bàbá sọ nínú ètò náà? Èèyàn kì í ṣàdédé bú ọmọ ọlọ́mọ nítorí igbá.

Ọmọ Tákíé:
Ìyá, ọ̀rọ̀ igbá ni wọ́n sọ. Àti ìgbésí ayé wọn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹbí díẹ̀. Mo tọrọ àyè kí n tó tan máíkì, wọ́n ní kò séwu. Ó wà níbẹ̀rẹ̀ ètò, ẹ lè gbọ́ ọ.

Ọ̀gá Rédíò:
Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ọdún 2004 ni akọ̀ròyìn kan nílùú Òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ orúkọ "podcast" yìí sílẹ̀. Àwa ti ń gbé máíkì wọ oko nígbà tí téèpù tóbi ju àwo oúnjẹ lọ. Mo rántí àgbẹ̀ kan tá a lọ bá, ó ní ọ̀rọ̀ iṣu ọdún yẹn kọjá àfẹnusọ, òun ò ríbi kó o sí. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí gbogbo ẹni tó jẹ lówó fi tò sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ló sá wá, ó ní ká lọ sọ lórí rédíò pé àsọdùn lòun sọ.

Alhaji Páàkì:
Hahaha. Ṣé ẹ sọ ọ́?

Ọ̀gá Rédíò:
A ò sọ ọ́ o. Títí dòní, ó ń dùn mí.

Ọmọ Jagun:
Òfin ni mò ń kọ́. Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà, ti 2023, sọ pé ẹni tó gbà kí o lo ọ̀rọ̀ òun lè yí ọkàn padà nígbàkigbà. Ṣùgbọ́n ẹni náà gan-an ló máa sọ ọ́. Ọmọ ẹ̀ tó ti dàgbà ò lè bá a sọ ọ́ láìjẹ́ pé ó rán an.

Ọmọ Tákíé:
Ẹ ṣé gan-an! Ohun tí mò ń sọ látàárọ̀ nìyẹn. Bàbá ò rán an.

Alhaji Páàkì:
Òfin wo lẹ ń wí? Lọ́yọ̀ọ́ níbẹ̀, tí ọmọ àgbà bá ti bínú, ọmọ ilé mẹ́wàá ló bínú. Ṣé òfin ló máa bá a sọ̀ kalẹ̀ ní páàkì?

Ọmọ Jagun:
Alhaji, ìdẹ́rùbà nìyẹn, kì í ṣe ìmọ̀ràn.

Alhaji Páàkì:
Ọmọdé yìí, mo fi ọgbọ̀n ọdún ju bàbá ẹ lọ nídìí mọ́tò.

Àkànkẹ́ Aláṣọ:
Ẹ dúró ná. Mo ti lọ gbọ́ ọ. Ẹ bá mi pa ohun tí mo kọ lókè rẹ́. Ẹ gbọ́ ọ láti ìṣẹ́jú 47. Ọ̀bẹ ò dún mọ́. Abọ́ ló ń dún. Ẹ̀ẹ́ gbọ́ omi ìfọwọ́. Bàbá ń jẹun! Okèlè wà lẹ́nu wọn ni wọ́n ń sọ pé àbúrò àwọn tó ń bá àwọn du ilé, kì í ṣe ọmọ bàbá àwọn.

Ìyá Ìbejì:
Yéè! Ọmọ mi, ṣé máíkì ṣì wà ní títàn nígbà tí ẹ ń jẹun ni?

Ọmọ Tákíé:
Ìyá, mo gbàgbé láti pa á. Ọlọ́run gbọ́. Ilé ni mo dé tí mo tó rí i. Ṣùgbọ́n ẹ tún rò ó wò. Níbi ọkà yẹn gan-an ni wọ́n ti bọ́ra sílẹ̀. Ó ń hàn lóhùn wọn. Nǹkan tí mò ń wá lẹ́nu gbogbo àlejò láti ọdún tó kọjá, ibẹ̀ ni mo ti rí i. Tí mo bá wá yọ ọ́, 4,000 ń lọ nìyẹn o. Mo máa padà sí 212.

Ìyá Ìbejì:
Bàbá ní kí wọ́n rokà fún ọ, o jẹ ẹ́ tán, o sì gbé àṣírí ilé wọn sábẹ́ aṣọ jáde. O wá ń kà iye èèyàn.

Ọmọ Jagun:
Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Igbá ni bàbá gbà láti sọ. Wọn ò gba tìdí oúnjẹ.

Àkànkẹ́ Aláṣọ:
Ẹ̀gbọ́n ẹ tó ní òfófó ni... màá dákẹ́.

Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ:
Má pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, ti igbá yẹn dára. Gé e ní ìṣẹ́jú 46, kí o fi fáìlì tuntun rọ́pò lábẹ́ ètò kan náà. Àwọn tó bá ṣí i látòní ò ní bá a. Àwọn tó ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí fóònù, àti èyí tí wọ́n ti gé sórí WhatsApp, ìyẹn ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ.

Ìyá Ìbejì:
Bàbá fúnra wọn ńkọ́? Kí ni wọ́n wí?

Ọmọ Tákíé:
Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ, ṣé tí mo bá rọ́pò fáìlì, iye àwọn tó ti gbọ́ ọ ò ní padà sí òdo?

Ìyá Ìbejì:
Mo ní bàbá ńkọ́?

Ọmọ Tákíé:
Wọ́n pè mí lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Mi ò gbé e. Mo rò pé wọ́n fẹ́ béèrè owó ni.

Alhaji Páàkì:
Lahaula! Wá sí páàkì ní aago mẹ́fà ìdájí, mọ́tò Ọ̀yọ́ tó kọ́kọ́ kún ni o máa wọ̀. Sọ pé èmi ni mo ní kí wọ́n gbé ọ, wọn ò ní gbowó. Lọ dọ̀bálẹ̀.

Ọ̀gá Rédíò:
Pè wọ́n lónìí ná. Má jẹ́ kí wọ́n sun oorun ẹ̀ mọ́jú.

Ọmọ Tákíé:
Mo ti gé e. Ìṣẹ́jú 46 ló parí sí báyìí. Mo ń pè wọ́n.

Ọmọ Tákíé:
Wọ́n gbé e, ṣùgbọ́n kì í ṣe bàbá. Àbúrò wọn ni. Agbo ilé kan náà ni gbogbo wọn ń gbé. Bàbá ò fẹ́ gbọ́ ohùn mi. Àbúrò wọn ò bínú sí mi rárá. Ó ní ta ló ń bú ọ lọ́mọdé, ó ní òun ti gbọ́ ọ ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ, òun náà sì ní tòun láti sọ nípa ẹni tí ìyá ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ gan-an. Ó ní kí n mú máíkì dání bọ̀ lọ́la.

Àkànkẹ́ Aláṣọ:
Mo gbé!

Ìyá Ìbejì:
Fi máíkì yẹn sílẹ̀ nílé. Ra obì àti oyin. Tí o bá dé Ọ̀yọ́, má ya ọ̀dọ̀ àbúrò.

Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ:
Fóònù náà ń gba ohùn sílẹ̀ o, Ìyá.

Ìyá Ìbejì:
Kó fi fóònù náà sílẹ̀.