Níbo ni mo ti lè ra oúnjẹ Òkè Ọya ní Ìbàdàn fún ìyá ìyàwó mi?

Bàbá Ọmọ Tuntun, Òjóò:
Mo kí gbogbo ilé o. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ṣùgbọ́n Kàdúná ni iṣẹ́ gbé mi lọ, ibẹ̀ náà ni mo sì ti fẹ́ ìyàwó mi, ọmọ Hausa. Ní báyìí tí a ti kó wálé, ìyá rẹ̀ ń bọ̀ wá bá wa tọ́jú ọmọ. Ìyá náà kò mọ àmàlà jẹ, ata wa sì ta jù fún un. Mo fẹ́ kí ó bá oúnjẹ tí ara rẹ̀ mọ̀ nílé: ọkà tùwó, kúkà, fùrá (jéró tí wọ́n rọ̀ ní róbótó) àti nọ́nò (wàrà kíkan). Mo tún fẹ́ mú un jáde lọ jẹun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, níbi tí yóò ti jókòó pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ṣé Bódìjà ni kí n ti ra gbogbo rẹ̀ ni, àbí ibòmíràn wà?

Ìyá Ìbejì, Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú ewu ọmọ, bàbá ọmọ. Ọlọ́run yóò wò ó. Ẹ má wulẹ̀ dé Bódìjà nítorí kúkà, Sábó ni kí ẹ lọ. Láti ọdún 1916 ni àwọn Hausa ti tẹ̀dó síbẹ̀, àwọn ìyá tó ń se oúnjẹ yìí lójoojúmọ́ ló sì ń rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, nítorí náà ọjà tí kò dára kì í rójú dúró níbẹ̀. Ewé igi osè gbígbẹ ni kúkà, lúrú kan náà tí àwọn ará Ìlọrin ń sè. Ẹ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kí ẹ tó sanwó: èyí tó dára a máa kúnná bí àtíkè, a sì tutù yọ̀yọ̀ lójú, èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀ a ti ṣì láwọ̀, kò sì ní yọ̀ dáadáa nínú ọbẹ̀. Àárọ̀ ni kí ẹ ra nọ́nò, nítorí pé oòrùn ọ̀sán a máa mú un kan ju bó ti yẹ lọ.

Alájàpá Bódìjà:
Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ nípa kúkà, ṣùgbọ́n n kò gbà pé kí ẹ fo Bódìjà dá tí ó bá di ti ọkà. Ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń já ọkà bàbà, àgbàdo àti ẹ̀wà sílẹ̀, owó rẹ̀ sì máa ń gbé pẹ́ẹ́lí ju ti àwọn ọjà kéékèèké lọ. Ẹ ṣáà wo inú kọ́ńgò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn nǹkan fún yín, torí àwọn kan ti lu ìdí tiwọn wọnú. Ẹ ra ọkà fúnra yín, ẹ ṣà á, kí ẹ sì gbé e lọ sí ẹ̀rọ tó ń lọ nǹkan gbígbẹ.

Ní ti tòmátò àti àlùbọ́sà, Ṣáṣá kò jìnnà sí yín. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ọjà náà ṣì ń ba àwọn kan láti ìgbà ìjà Yorùbá àti Hausa tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2021. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dénú, nítorí pé àwọn tí wọ́n jọ ń ná ọjà, tí wọ́n sì ń tajà fún ara wọn láwìn, ni ìjà náà dà sáàárín. Kò pẹ́ sí i ni àwọn oníṣòwò Òkè Ọya dáwọ́ kíkó oúnjẹ wá sí Gúúsù dúró, tí àlùbọ́sà sì gbówó lórí. Ẹ máa lọ ra nǹkan níbẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀.

Ọmọ Dùgbẹ̀:
Ẹ̀gbọ́n, ní ti jíjẹun níta, ẹ mú Ìyá lọ sí Sábó ní ìrọ̀lẹ́ lọ jẹ wáìnà. Ẹ dúró ti obìnrin tó ń dín in: yóò da ìrẹsì lílọ̀ tó ti wú sínú àwo irin tó ní kòtò kéékèèké, yóò kán òróró sí i, nígbà tí etí rẹ̀ bá sì pọ́n, yóò fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ yí i dà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọbẹ̀ elégédé tí wọ́n ń pè ní táúṣè ni wọ́n máa ń fi jẹ ẹ́.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kúrò ní Ìbàdàn láìtọ́ gbẹ̀gìrì wò. Àwọn Hausa náà ń fi ẹ̀wà se ọbẹ̀, gbẹ̀gìrì kì í sì í ta bí kì í bá ṣe pé wọ́n bu ọbẹ̀ ata lé e. Ẹ bá olóńjẹ yín sọ ọ́ kí wọ́n tó bù ú, kí wọ́n dá gbẹ̀gìrì àti ewédú dì fún yín, kí Ìyá fi jẹ tùwó rẹ̀ nílé.

Bàbá Ọmọ Tuntun, Òjóò:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Inú ìyàwó mi dùn sí ti gbẹ̀gìrì yẹn. Ó kù kan: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹlùbọ́ ládùúgbò wa, ṣé ó lè lọ ọkà bàbà láìjẹ́ pé tùwó náà dúdú?

Ìyá Ìbejì, Mọ́kọ́lá:
Ó lè lọ ọ́. Ẹ kàn sọ fún ẹni tó ni ẹ̀rọ kí ó kọ́kọ́ fi àgbàdo díẹ̀ fọ ẹnu ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì ya èyí tó bá kọ́kọ́ jáde sọ́tọ̀ fún adìyẹ.