Ààlè ń kọ́? Èsì sí "ìjẹníyà"

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Gbólóhùn tí ẹnìkan ní ká bá òun túmọ̀ lánàá ni pé àbá kan wà láti fi sanction kan àwọn aláṣẹ ilẹ̀ òkèèrè tí kì í jẹ́ kí ìrànwọ́ dé ọ̀dọ̀ ará ìlú lásìkò ogun. Bàbá wa ní Iléṣà dáhùn pé "ìjẹníyà", ọ̀pọ̀ yín sì ti ṣe àmín sí i. Èmi ò tíì ṣe.

Ẹni tí a bá fìyà jẹ, a ti dá ẹjọ́ rẹ̀, ó sì ti jẹ̀bi. Sanction kì í dúró de adájọ́. Ìjọba kan yóò kọ orúkọ ọkùnrin kan sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò lè fọwọ́ kan owó tó ní ní báǹkì ibẹ̀ mọ́. Owó ṣì ń jẹ́ tirẹ̀ o. Wọn ò gbà á, wọn ò ná an.

Lọ́nà oko ìyá mi, lápá Ìfẹ̀wàrà, ìdì igi ìdáná kan wà létí ọ̀nà. Àjákù sálúbàtà àti ìkarahun ìgbín ni wọ́n fi okùn so mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, kò sì sí ẹni tó ń mú ẹyọ kan níbẹ̀. Ààlè nìyẹn.

Mo mọ ohun tí Bàbá yóò wí: olóhun ló ń pa ààlè sí ohun rẹ̀ nítorí olè, báwo la ṣe fẹ́ pa á kí olóhun fúnra rẹ̀ má lè mú un? Ọ̀rọ̀ ńlá ni, ó sì gba oorun lójú mi. Ibi tí mo bá a já ni pé inú oko ẹni ni ààlè ẹni ti ń múlẹ̀. Ti Amẹ́ríkà ń dunni ju ti ìlú mìíràn lọ nítorí pé oko wọn ni dọ́là ń gbà kọjá. Ní September 2021, wọ́n pa irú rẹ̀ nítorí ogun Etiópíà, dídí ìrànwọ́ lọ́wọ́ sì wà lára ohun tó lè gbé orúkọ èèyàn wọ ìwé náà. Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ṣe bẹ́ẹ̀ lórí Sòmálíà láti 2008. Nígbà tó di 2022, wọ́n fi ìpinnu 2664 là á sílẹ̀ pé dídì owó pa kò gbọdọ̀ kan owó àti ẹrù ìrànwọ́. "Ìjẹníyà" kò lè gbé irú àyè bẹ́ẹ̀. Ààlè lè gbé e: má ṣẹ́ igi mi, ṣùgbọ́n máa pọnmi lódò.

Ó ku "dènà" tí àwọn kan kọ fún ohun tí aláṣẹ náà ń ṣe sí ìrànwọ́. Olè tó lúgọ ló ń dènà deni. Nígbà ogun Kírìjì, 1877 sí 1893, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá dí ọ̀nà etíkun mọ́ Ìbàdàn, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé ogun ni. Aláṣẹ tí à ń sọ yìí lè má di ìbọn mú rí. Ọkọ̀ ìyẹ̀fun wà ní ẹnubodè, òǹtẹ̀ wà lórí tábìlì rẹ̀, ó ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé pé, ó ní fọ́ọ̀mù ti yí padà. "Fònídónìí-fọ̀ladọ́la" sún mọ́ ọn, àmọ́ ó ń pani lẹ́rìn-ín, ebi ọmọdé kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. "Ṣe ìdíwọ́" ni mo mú. Ó gba oníbọn, ó gba olóǹtẹ̀.

"Mẹ̀kúnnù" tí ẹnìkan fi dípò ará ìlú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́. Ẹni tí kì í ṣe ológun ni à ń sọ, olówó tí bọ́ǹbù wó ilé rẹ̀ náà sì wà lára wọn.

Ohun tí mo kọ rèé: "Àbá wà láti pa ààlè sí ohun ìní àwọn aláṣẹ ilẹ̀ òkèèrè tó bá ṣe ìdíwọ́ fún ìrànwọ́ tó ń lọ sọ́dọ̀ ará ìlú." Bí àbá náà bá ní wọn ò gbọdọ̀ wọ̀lú, ká kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Tí wọ́n bá wá fẹ́ mú un kúrò ńkọ́? Ìyá mi ní "a ó tú u" ni, torí okùn la fi so ó. Bàbá, ṣé "tú" náà ni ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà ń sọ?